Kí bíríkìlà tó rẹ́ ògiri pálọ̀: wáyà wo ni kí n rà fún tẹlifíṣọ̀n àti home theatre?

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń kọ́lé sí Àkóbọ̀, ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí bíríkìlà wá rẹ́ ògiri pálọ̀. Mo ti ra tẹlifíṣọ̀n 4K oní-ínṣì 65. Mo ní home theatre tó ní ampilifáyà, sípíkà márùn-ún àti wúfà kan. Dikódà wà, PS5 àwọn ọmọ wà, DVD àtijọ́ kan náà wà tí mi ò lè jù nù nítorí fídíò ìgbéyàwó wa. Mo fẹ́ kó gbogbo ẹ̀rọ sínú kọ́bọ́ọ̀dù lódìkejì pálọ̀, kí ògiri tẹlifíṣọ̀n lè mọ́. Ẹni tí mo bá lọ́jà ní àfi kí n ra HDMI oníwúrà '8K' oní-mítà mẹ́wàá, mẹ́ta, ₦38,000 lọ́kọ̀ọ̀kan, pé wáyà olówó pọ́ọ́kú á ba àwọ̀ jẹ́. Oníná mi sì ní òun á kàn rì wọ́n sínú ògiri. Ṣé kí n rà á? Màmá mi tó ń bọ̀ wá bá wa gbé náà máa ń ráhùn pé òun kì í gbọ́ ohun tí àwọn òṣèré ń sọ, bí orin bá ti dún báyìí ó parí."

Àbúrò mi, ẹ kú ìnáwó o. Ilé á tura, ẹ ó fi ẹ̀mí gígùn gbé ibẹ̀. Ẹ má tíì san owó yẹn. Ẹ sì bá mi bẹ oníná yín kó má rì wáyà kankan níhòòhò sínú ògiri. Nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ, ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti bà mí jù, ju iye tí wọ́n pe HDMI, wáyà tó ń gbé àwòrán àti ohùn pọ̀, lọ.

Ojú mi ti rí i. Ní 2012, èmi fúnra mi rì HDMI mítà méjìlá sínú ògiri ilé kan ní Olúyọ̀lé láìfi páìpù sí i. Wáyà gidi ni, ó sì gbé àwòrán HD ìgbà náà láìsí wàhálà. Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, onílé pààrọ̀ tẹlifíṣọ̀n sí 4K, ojú rẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣókùnkùn, á padà wá, á tún ṣókùnkùn. Wáyà ọ̀hún kò lágbára ẹrù tuntun, kò sì sí bí a ṣe lè fà á jáde. Ṣísẹ́lì àti òòlù la fi gbẹ́ ògiri tí wọ́n ti kùn tán. Apò ara mi ni mo ti san owó ọ̀dà, nítorí ẹ̀bi mi ni. Láti ọjọ́ náà, mi ò gba iṣẹ́ ilé tuntun tí onílé bá ti ní òun ò fẹ́ páìpù.

Páìpù tí mò ń wí yàtọ̀ sí èyí tín-ín-rín tí oníná ń gbé iná gbà. Mílímítà 20 tàbí 25 ni wọ́n sábà máa ń lò, orí HDMI pẹ̀lú rọ́bà tó wà lára rẹ̀ sì fẹ̀ tó nǹkan bí mílímítà 20. Kò ní kọjá nínú èkíní, á sì há sínú èkejì níbi tó bá ti ṣẹ́ kọ́nà. Ẹ lọ bá àwọn tó ń ta ohun èlò omi, ẹ ra PVC ínṣì kan àbọ̀, tàbí ínṣì méjì bí búlọ́ọ̀kù bá gbà á. Níbi tó bá ti máa yà, ẹ má gbà kí wọ́n fi ẹ́líbò tó ṣẹ́ gẹ́rẹ́ síbẹ̀. Èyí tó rọra tẹ̀ ni kí wọ́n wá. Kí wọ́n tó rẹ́ ògiri, kí okùn ọ̀rá kan ti la inú páìpù já, kí ẹ so ó mọ́ ìṣó lápá méjèèjì. Okùn yìí ni ẹ ó fi fa wáyà tuntun wọlé lọ́jọ́ tí ayé bá fi ohun tí à ń pè ní HDMI lónìí sílẹ̀. Bí ẹ bá sì ti ń fa wáyà, ẹ so okùn mìíràn mọ́ ọn kí òun náà tẹ̀ lé e wọlé, kí páìpù má bàa ṣófo okùn láé.

Kí páìpù náà jìnnà sí ti iná tó ẹsẹ̀ bàtà kan bí wọ́n bá jọ ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí wọ́n bá gbọ́dọ̀ pàdé, kí wọ́n dábùú ara wọn bí oríta.

Ó kan kọ́bọ́ọ̀dù. Ó yé mi pé ẹ fẹ́ kí ògiri mọ́, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ gbé e wá sábẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Ìrìn jíjìn kì í bá HDMI lára mu. Wáyà sípíkà ni kò kọ̀ ọ́. Bí ampilifáyà bá wà lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n, HDMI tó máa so wọ́n pọ̀ kò ní ju mítà méjì. Ti dikódà àti ti PS5 kò ní ju mítà kan àbọ̀. Wáyà sípíkà ẹ̀yìn nìkan ló máa yí pálọ̀ ká, ìyẹn kò sì ní ṣe wàhálà kankan fún yín. Ẹ tún kíyè sí i pé, ibi yòówù kí kọ́bọ́ọ̀dù wà, ẹ ò nílò HDMI gígùn mẹ́ta. Inú ampilifáyà ni dikódà, PS5 àti àwọn yòókù ń wọ̀, ẹyọ kan péré ló ń ti ibẹ̀ lọ sí tẹlifíṣọ̀n.

Bí ìyàwó ilé bá wá takú pé odìkejì ni kọ́bọ́ọ̀dù máa wà, kí ẹyọ kan yẹn jẹ́ HDMI onífáíbà, èyí tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé iṣẹ́ dípò bàbà. HDMI oníbàbà lásán tó bá ti kọjá mítà márùn-ún, orí ló kù tí èèyàn ń fi rà á tó bá di 4K. Onífáíbà máa ń rìn jìnnà gan-an, àmọ́ ó ní orí àti ìdí: ibi tí wọ́n kọ Source sí gbọ́dọ̀ wọ ara ampilifáyà, ibi tí wọ́n kọ Display sí gbọ́dọ̀ wọ tẹlifíṣọ̀n. Bí oníná bá rì í lódì sínú ògiri, kò ní ṣiṣẹ́ rárá. Ẹ dán an wò nílẹ̀ẹ́lẹ̀ kó tó wọ páìpù, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n ká a pọ̀ bíi wáyà iná.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ pé wáyà olówó pọ́ọ́kú ń ba àwọ̀ jẹ́. Àwọn baba wa a máa fi owó ẹyọ pàrokò. Bí wọ́n bá sín ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ọ, ẹ̀fà ni: ọkàn mi fà sí ọ. Ì báà jẹ́ okùn ìkò ni wọ́n sín in sí, ì báà jẹ́ òwú sẹ́dà, ẹ̀fà náà ni ẹni tó gbà á máa kà. Sẹ́dà kò lè mú kí ìfẹ́ náà pọ̀ sí i. Àfi tí okùn bá já lọ́nà tí ẹyọ kan bọ́ sọnù ni iṣẹ́ yí padà. Bí HDMI ṣe rí nìyẹn. Òdo àti ení ló ń gbé, tẹlifíṣọ̀n ló sì ń kà á. Bí wọ́n bá pé dé ibẹ̀, àwòrán ti pé, kò sí wúrà tó lè fi kún un. Wúrà tó wà lẹ́nu wáyà, ìpata ló ń dènà. Ó wúlò fún ìyẹn, ibẹ̀ náà ló mọ.

Nítorí náà, bí HDMI yín kò bá tó iṣẹ́, ẹ ò ní rí àwọ̀ tó ṣì. Ìràwọ̀ wẹ́wẹ́ funfun ni ẹ ó máa rí tó ń tàn tó ń kú lójú tẹlifíṣọ̀n, tàbí kí ojú rẹ̀ ṣókùnkùn fún ìṣẹ́jú àáyá méjì mẹ́ta, tàbí kí ohùn máa gé, tàbí kó kọ "No Signal". Nígbà mìíràn PS5 á kàn rọra sọ̀kalẹ̀ sí 1080 láìwí fún ẹnikẹ́ni. Bí ẹ ò bá rí ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí, wáyà tó wà lọ́wọ́ yín ti tó.

Ẹni tó ń tà á fún yín lè má parọ́ láti inú wá o. Ní ìgbà kan, ọ̀rọ̀ rẹ̀ jóòótọ́. Láti ìgbà tí WNTV, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwòrán jáde níbí nílùú Ìbàdàn ní 31 oṣù Kẹwàá 1959, títí di ayé fídíò kásẹ́ẹ̀tì àti wáyà aláwọ̀ yẹ́lò, bí ìgbì ni àwòrán ń gba inú wáyà kọjá. Ohunkóhun tó bá kọlu ìgbì yẹn lọ́nà máa hàn lójú tẹlifíṣọ̀n, wáyà tó dára sì máa ń mú kí àwọ̀ dára. Oṣù Kejìlá 2002 ni wọ́n gbé òfin HDMI àkọ́kọ́ jáde, ọ̀nà tí wáyà ń gbà ṣiṣẹ́ yí padà. Ọ̀rọ̀ ẹnu ọjà ni kò tíì yí.

Ohun tó yẹ kí ẹ bi ọlọ́jà ni ìwọ̀n ẹrù tí wáyà lè gbé. Gígábíìtì ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. HD tí dikódà yín ń gbé jáde kì í tó 5. 4K tó ń yí àwòrán ní ìgbà 60 ní ìṣẹ́jú àáyá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 18. PS5 tó bá ń ṣe 4K ní ìgbà 120 lè dé 32. Wáyà tí wọ́n pè ní High Speed, 10.2 ni wọ́n dán an wò fún. Premium High Speed, 18. Ultra High Speed, 48. Orúkọ mẹ́ta yìí ni kí ẹ mọ̀. "2.1" tí ẹ ń rí gàdàgbà lára wáyà kò já mọ́ nǹkan kan, àwọn tó ni òfin HDMI gan-an kò gbà kí wọ́n fi nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ ta wáyà. Ultra tó jẹ́ ojúlówó máa ń ní síkà tó ń dán lára páálí rẹ̀, pẹ̀lú àmì QR tí ẹ lè fi fóònù yẹ̀ wò kí ẹ tó san owó, bóyá Dùgbẹ̀ ni ẹ ti ń rà á ni o tàbí Ìwó Road.

Nítorí náà, tiyín: Premium mítà méjì kan láti ampilifáyà dé tẹlifíṣọ̀n. HDMI tó bá dikódà wá nínú páálí ti tó o. Ti PS5 náà, ẹ má wulẹ̀ ra òmíràn, Ultra ni Sony fi sínú páálí rẹ̀. Ọ̀kan wà níbẹ̀ ṣá: bí tẹlifíṣọ̀n yín bá lè ṣe ìgbà 120, tí ampilifáyà sì mọ sí 60, ampilifáyà ló máa fa PS5 sẹ́yìn. Ẹ so PS5 mọ́ tẹlifíṣọ̀n tààrà, kí ohùn rẹ̀ gba ọ̀nà ARC padà sí ampilifáyà.

ARC yìí, ọ̀pọ̀ èèyàn ní in nílé tí wọn ò mọ̀. Ẹ wo ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n, ihò HDMI kan wà tí wọ́n kọ ARC tàbí eARC sí. Ihò yẹn gan-an ni wáyà tó ti ampilifáyà wá gbọ́dọ̀ wọ̀. Àwòrán á gba inú rẹ̀ gòkè, ohùn YouTube àti ti gbogbo ohun tí ẹ ń wò nínú tẹlifíṣọ̀n fúnra rẹ̀ á sì gba inú wáyà kan náà sọ̀kalẹ̀ sí sípíkà. Ẹ wọ Settings, ẹ ṣí CEC, èyí tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ kan máa pàṣẹ fún èkejì nínú wáyà HDMI. Anynet+ ni Samsung ń pè é, SimpLink ni ti LG, Bravia Sync ni ti Sony. Bí tẹlifíṣọ̀n kan bá ti pẹ́ jù tí kò ní ARC, wáyà optical tó ń tan iná pupa lẹ́nu máa ṣe é. Ó ń gbé Dolby Digital sípíkà márùn-ún àti wúfà dáadáa.

Ibí ni ọ̀rọ̀ màmá wọlé sí, ó sì jẹ mí lógún, nítorí àgbàlagbà tí kò bá gbọ́ ọ̀rọ̀ á kàn dìde lọ sùn ni. Nínú home theatre, sípíkà àárín ni ọ̀rọ̀ ẹnu òṣèré ti ń jáde jù. Ẹ má tì í sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ má gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kó wà lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n gan-an, kó kọjú sí ibi tí màmá ń jókòó. Ẹ wá wọ Settings ohùn tẹlifíṣọ̀n: bí ó bá wà ní PCM, ẹ yí i sí Auto tàbí Bitstream, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ohùn ọ̀nà méjì péré ló máa ń rán jáde, sípíkà àárín kò sì ní rí ìpín tirẹ̀ gbà. Lẹ́yìn náà, nínú ampilifáyà, ẹ gbé Center sókè ní dB mẹ́ta. Ẹ gbìyànjú èyí ná kí ẹnikẹ́ni tó ní kí ẹ lọ ra sípíkà tuntun.

Owó tí ẹ bá rí fi pa mọ́ lórí HDMI, ẹ gbé e lọ sórí wáyà sípíkà. Níbẹ̀, ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á ní tòótọ́. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń bá home theatre wá, òmíràn kò ju 0.3 mm² lọ (ìwọ̀n ojú bàbà rẹ̀ níbi tí wọ́n bá gé e). Bí ẹ bá fi rìn mítà méjìlá yí ògiri ká dé sípíkà ẹ̀yìn, àlọ àti àbọ̀ di mítà 24, ìdènà inú rẹ̀ á sì tó ohm 1.4. Bí wáyà bá jẹ́ bàbà 1.5, ó bọ́ sí 0.28. Bó bá jẹ́ 2.5, ó di 0.17. Ìwọ̀n tí mo máa ń lò ni pé kí ìdènà wáyà má kọjá ìdá ogún ti sípíkà. Ẹ wo ẹ̀yìn sípíkà yín: bó bá kọ 8 tàbí 6 ohm, 1.5 tó o. Bó bá kọ 4, ẹ ra 2.5. Ẹ̀yà tó rọ̀ ni kí ẹ ra, olókùn wẹ́wẹ́ púpọ̀, wọ́n máa ń so méjì pọ̀ tà á.

Ẹ kíyè sára ṣá, nítorí ọjà ti kún fún alumíníọ́ọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò lára. Lójú, pupa rẹ̀ dán ju ti bàbà lọ pàápàá. Ẹ mú bíléèdì dání, ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ ha okùn kan ṣoṣo. Bàbà gidi pupa dé ọkàn. Èyí yòókù á funfun bíi fàdákà nínú. Ó tún fúyẹ́ lọ́wọ́, ó sì ń tètè kán bí ẹ bá ń ká a síwá ká a sẹ́yìn. Ìdènà rẹ̀ fi díẹ̀ lé ní ìlàjì ju ti bàbà lọ, nítorí náà 1.5 rẹ̀ kì í ṣe 1.5. Ọlọ́jà tí kò bá gbà kí ẹ ha á, ẹ máa lọ.

Nígbà tí ẹ bá ń so ó, ẹ bó rọ́bà rẹ̀ bíi sẹ̀ǹtímítà kan, ẹ lọ́ ọ dáadáa kí irun kankan má yọ kan ìkejì. Irun kan ṣoṣo tó bá fi pupa kan dúdú lè jó ampilifáyà. Pupa sí pupa, dúdú sí dúdú, lára sípíkà márààrún. Bí ẹ bá yí ọ̀kan padà, báàsì á sọnù, ọ̀rọ̀ á dà bí ẹni pé kò sí ibi pàtó tó ti ń jáde, ẹ ó sì máa bú sípíkà tí kò ṣẹ̀.

Wáyà wúfà, RCA kan ṣoṣo ni. Wáyà yẹ́lò inú àwọn AV àtijọ́ tí ẹ ní nílé máa ṣe é dáadáa bó bá gùn tó, nítorí wọ́n dáàbò bo inú rẹ̀. Bí wúfà bá ń kùn "hùùùù" láìsí orin, ẹ yọ wáyà tó ń bọ̀ láti díìṣì kúrò lẹ́yìn dikódà. Bí ó bá dákẹ́, iná kékeré kan ló ń gba ara díìṣì wọlé tó ń yípo láàárín àwọn ẹ̀rọ. Ẹ so gbogbo wọn mọ́ extension kan náà tó ní áàtì, ẹ sì jẹ́ kí oníná so díìṣì mọ́ áàtì ilé. Mo ti rí àwọn tó ṣẹ́ irin áàtì orí púlọ́ọ̀gì kí ìkùn náà lè lọ. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é. Irin yẹn ló dúró láàárín ọwọ́ ọmọ yín àti iná.

Wáyà díìṣì fúnra rẹ̀, RG6 ni kí ẹ rà, kí ó ní páìpù tirẹ̀, kí wọ́n sì fi rọ́bà dí ẹnu rẹ̀ lókè kí omi má wọ̀ ọ́. Lásìkò òjò, bí àrá bá ti ń sán, yíyọ púlọ́ọ̀gì nìkan kò tó. Ẹ yọ wáyà díìṣì pẹ̀lú. Èyí tó pọ̀ jù nínú tẹlifíṣọ̀n tí ihò HDMI rẹ̀ kú tí wọ́n ń gbé wá bá mi lẹ́yìn òjò, ara díìṣì ni agbára àrá gbà wọ dikódà, ó sì gba HDMI bọ́ sínú tẹlifíṣọ̀n. Bákan náà, ẹ pa ẹ̀rọ méjèèjì kí ẹ tó yọ HDMI tàbí kí ẹ tó tì í bọ̀ ọ́.

DVD ìgbéyàwó: bí tẹlifíṣọ̀n yín bá ní ihò AV, ó lè jẹ́ ihò róbótó kékeré kan, tó ń fẹ́ ẹ̀ka wáyà tirẹ̀. Èyí tó bá a wá nínú páálí ni kí ẹ lò, nítorí bí ilé-iṣẹ́ kan ṣe to inú rẹ̀ yàtọ̀ sí ti òmíràn. Bí kò bá ní ihò AV, ẹ ra àpótí kékeré tó ń sọ AV di HDMI, èyí tó ń gba iná USB. Wáyà tó ní HDMI lápá kan, tó ní yẹ́lò, pupa àti funfun lápá kejì, tí kò sí àpótí kankan láàárín rẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án. Kò lè yí ìgbì padà sí nọ́ńbà.

Láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án yìí, páìpù ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe: ọ̀kan láti ibi kọ́bọ́ọ̀dù lọ sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, ọ̀kan yí pálọ̀ ká dé ibi sípíkà ẹ̀yìn méjèèjì, ọ̀kan fún díìṣì. HDMI lè dúró di ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ kó wọlé. Lọ́jọ́ tí bíríkìlà bá dé, kó tó po sìmẹ́ǹtì, ẹ fi tépù wọn ibi tí páìpù kọ̀ọ̀kan gbà láti ilẹ̀ àti láti igun ògiri, ẹ nà tépù náà síbẹ̀, kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Ẹni tó máa wá lu ògiri láti gbé tẹlifíṣọ̀n kọ́ máa nílò fọ́tò yẹn kó tó ti dírílì bọ̀ ọ́.